Orí Keje: Ta Ló Ń Sanwó Iṣẹ́ Ìsìnlú?

Bí ìjọba bá ní kí ọ̀dọ́ wá fi odindi ọdún kan sin ìlú, àpò ta ni owó oúnjẹ rẹ̀, owó ọkọ̀ rẹ̀, owó ilé rẹ̀ àti aṣọ ọrùn rẹ̀ yóò ti jáde? Àwọn ìwé tó ń sọ̀rọ̀ nípa àgùnbánirọ̀ kì í sábà dúró lórí ìbéèrè yìí. Ìṣọ̀kan àti ìfẹ́ orílẹ̀-èdè ni wọ́n máa ń fi kún ojú ìwé, wọn a sì fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ fún àwọn aṣírò-owó. Bẹ́ẹ̀ owó ni kẹ̀kẹ́ ìyìnrere. Nínú orí yìí, a óò tọ owó náà láti orísun rẹ̀ dé ọwọ́ ẹni tó ń gbà á, a óò sì wo bí ọ̀nà tó ń gbà ṣe ń pinnu irú iṣẹ́ tí ìlú ń rí.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀

Oṣù Kìíní ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé Nàìjíríà parí. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Yakubu Gowon ń wá ohun tí yóò mú kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dojú ìbọn kọ ara wọn tún lè máa bá ara wọn gbé. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 1973, ó ṣe òfin ológun nọ́ńbà 24, èyí tó dá àjọ àgùnbánirọ̀, NYSC, sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébáyọ̀ Adédèjì, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ni alága àkọ́kọ́. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ahmadu Ali ni olùdarí àkọ́kọ́. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé ni Adédèjì, òun náà sì ni kọmíṣọ́nnà ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọrọ̀ ajé àti àtúnkọ́ ìlú lẹ́yìn ogun. Kì í ṣe oníwàásù ni wọ́n fi síwájú ètò náà. Ẹni tó mọ iye tí nǹkan ń náni ni wọ́n wá lọ, mo sì rò pé wọ́n gbọ́n níbẹ̀.

Inú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò dùn sí i. Kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń fẹ̀hónú hàn ní àwọn yunifásítì. Ẹ rántí pé láyé ìgbà yẹn, iṣẹ́ ló ń dúró de ẹni tó bá gboyè. Ọdún kan lọ́dọ̀ ìjọba túmọ̀ sí ọdún kan láìgba owó oṣù gidi. Síbẹ̀ àwọn 2,364 ló jáde lọ sìn ní ọdún àkọ́kọ́. Iye wọn kéré, owó sì dé bá ètò náà lójijì: láti oṣù Kẹwàá ọdún 1973, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Lárúbáwá àti Ísírẹ́lì, owó àgbá epo rọ̀bì kan tí kò ju bíi dọ́là 3 lọ sì fò di bíi dọ́là 12 kí oṣù Kìíní ọdún 1974 tó jáde. Orí epo ni wọ́n bí ètò yìí sí. Lónìí, yunifásítì àti ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ti pọ̀ káàkiri, àwọn tó ń jáde lọ sìn lọ́dún kan sì ti lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, ìyẹn 200,000. Owó epo kò fi ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i.

Àwọn àpò tí owó ń ti jáde

Bí a bá béèrè lọ́wọ́ ará ìlú, wọn á ní ìjọba ló ń sanwó. Ìjọba wo? Ẹ jẹ́ ká wọ inú káǹpù kan lọ, ibi tí àgùnbánirọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ ìsìn, bíi ti Ìsẹ̀yìn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tàbí ti Ṣàgámù ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ká máa béèrè olówó nǹkan kọ̀ọ̀kan tí a bá rí.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí fèrè fi dún. Ìjọba àpapọ̀ ló ń sanwó oṣù sójà tó fọn ọ́n. Àgùnbánirọ̀ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì onírin alájà méjì, nínú ilé tí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́ tàbí tó yà sọ́tọ̀. Ó wọ ṣòkòtò péńpé funfun, síńgílẹ́ẹ̀tì funfun àti bàtà kánfáásì. Ìjọba àpapọ̀ ló rà á, bó ṣe ra kaki, fìlà, bẹ́líìtì àti bàtà ńlá. (Bóyá bàtà náà bá ẹsẹ̀ mu jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ káǹpù ló bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹlẹ́sẹ̀ ńlá ń wá ẹlẹ́sẹ̀ kékeré tí wọn yóò jọ pààrọ̀.) Lẹ́yìn ìdárayá, ó tò sórí ìlà pẹ̀lú kúlà oúnjẹ lọ́wọ́, owó ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n fi se é. Iná mànàmáná, omi, títì tó wọ káǹpù, ọgbà tó yí i ká: ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò gba máàmì máákẹ́ẹ̀tì, ọjà inú káǹpù, lọ, yóò jẹ ẹran sísun, yóò gba fọ́tò, yóò sanwó fún ẹni tó ń bá a fún kaki rẹ̀ ní apá. Owó tirẹ̀ nìyẹn, tàbí ká kúkú sọ pé owó ìyá rẹ̀, nítorí aláwíì àkọ́kọ́, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń san fún un lóṣooṣù, kò tíì wọlé.

Ọjọ́ 21 ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ilé, iná àti omi wà ló fà á tí káǹpù ìpínlẹ̀ kan fi máa ń dára tí ti èkejì fi máa ń jò. Òfin gbé ojúṣe lé ìpínlẹ̀ lórí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè mú gómìnà ní tipátipá láti ná owó náà. Àwọn àgùnbánirọ̀ tó wà ní káǹpù ìpínlẹ̀ kì í sì í ṣe olùdìbò ibẹ̀. Ibòmíràn ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá, ibòmíràn ni wọ́n ń padà sí. Ta ni olóṣèlú tí yóò sáré tún òrùlé ṣe fún ẹni tí kò ní dìbò fún un?

Lẹ́yìn káǹpù ni wọ́n ń pín wọn sí ibi iṣẹ́: ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, oko. Lẹ́yìn àpò ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀, níbí ni àpò kẹta wà. Wọ́n retí kí ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ẹni tó gbà wọ́n síṣẹ́ wá ilé fún wọn, kó sì fi nǹkan díẹ̀ kún owó tí ìjọba àpapọ̀ ń san. Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ń ṣe é dáadáa. Àwọn mìíràn kò jẹ́ dá a láṣà, àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tó ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ òbí sì wà lára wọn. Nígbà tí baba wa bá bẹ ọ̀wẹ̀, olóko ló ń gúnyán fún àwọn tó wá bá a kọ ebè. Níbí, olóko jókòó, iyán ń bọ̀ láti Àbújá.

Àpò kẹrin kò sí nínú ìṣúná kankan. Ọmọ tí wọ́n pín láti Àkúrẹ́ sí Maiduguri, tàbí láti Kano sí Àgọ́-Ìwòyè, yóò wọkọ̀, yóò wá yàrá, yóò ra màtírẹ́ẹ̀sì àti sítóòfù kí ibi iṣẹ́ rẹ̀ tó mọ orúkọ rẹ̀. Òbí ló ń gbé e. Ìdílé tó ní lọ́wọ́ kò ní í mọ̀ ọ́n lára. Ìdílé tó ta ilẹ̀ kí ọmọ tó jáde yunifásítì yóò mọ̀ ọ́n.

Ìwé kékeré kan lóṣooṣù

Bí owó ṣe ń dé ọwọ́ àgùnbánirọ̀ yẹ ká wò dáadáa, torí ibẹ̀ ni agbára wà. Kí aláwíì tó jáde lóṣù kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá ibi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé, kó lu òǹtẹ̀, pé ọmọ yìí wá síbi iṣẹ́ rẹ̀. Àgùnbánirọ̀ yóò mú ìwé náà lọ sọ́dọ̀ aṣojú àjọ náà ní ìjọba ìbílẹ̀, wọn yóò sì yẹ orúkọ rẹ̀ wò. Káàdì mìíràn tún wà fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, CDS, tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀. Wọ́n máa ń fọwọ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ yìí lè jẹ́ gbígbá ọjà, kíkọ́ àwọn ọmọ nípa àrùn, tàbí kíkó owó jọ láti tún kàǹga kan ṣe.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó ń lo àgùnbánirọ̀ kì í san owó náà, síbẹ̀ ìkáwọ́ rẹ̀ ni ó wà bóyá owó náà á jáde. Bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá ní kí àgùnbánirọ̀ wá kọ́ àwọn ọmọ ní ọjọ́ Sátidé lọ́fẹ̀ẹ́, báwo ni yóò ṣe kọ̀, nígbà tó mọ̀ pé ìparí oṣù ń bọ̀ àti pé òǹtẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá? Kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò náà ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Nínú èrò tèmi, ẹni tó ń jèrè lára iṣẹ́ kan yẹ kó ní ohun tí yóò pàdánù níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀.

Aláwíì àti owó oṣù tó kéré jù

Kí ọdún 2011 tó dé, 9,775 náírà ni aláwíì lóṣù. Ní 2011 ó di 19,800. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020 ó di 33,000. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i kó di 77,000.

Ẹ wá kọ owó oṣù tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn: 18,000 ní 2011, 30,000 ní 2019, 70,000 ní 2024. Ẹ mú ìdá kan nínú mẹ́wàá 18,000, kí ẹ rò ó mọ́ ọn: 19,800. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún 30,000: 33,000. Ẹ ṣe é fún 70,000: 77,000. Ó bọ́ síra wọn géérégé nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ̀kọ́ inú ìṣirò yìí ju bó ṣe rí lójú lọ. Kò fara hàn nínú iye wọ̀nyí pé ẹnikẹ́ni jókòó láti ṣírò ohun tí ọ̀dọ́ kan yóò jẹ ní Gúsáù tàbí owó ilé tí yóò san ní Ìkẹjà. Owó oṣù tó kéré jù ló ń gbé aláwíì sókè, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló sì ń jà fún owó oṣù. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC àti TUC daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, wọ́n ń jà fún àgùnbánirọ̀ pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgùnbánirọ̀ kò sí nínú ẹgbẹ́ wọn, kò sì sí nídìí tábìlì nígbà tí wọ́n ń dúnàádúrà.

Ẹni tí kò sí nídìí tábìlì náà ló máa ń gbà kẹ́yìn. Òfin owó oṣù tuntun jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2019; aláwíì tuntun di oṣù Kìíní ọdún 2020. Òfin tó tẹ̀ lé e jáde ní oṣù Keje ọdún 2024. Oṣù Kẹta ọdún 2025 ni àwọn àgùnbánirọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí 77,000 gbà. Ẹni tó parí ìsìn rẹ̀ kí ọdún 2024 tó tán, 33,000 ló fi parí, nígbà tí owó epo ọkọ̀ àti owó ìrẹsì ti kúrò níbi tí wọ́n wà nígbà tí wọ́n ṣètò iye yẹn.

Ṣùgbọ́n ká má ṣe bí ẹni pé ìjọba ní ibi kan tó kó owó pamọ́ sí. Ká ní àgùnbánirọ̀ 100,000 péré ló wà. Ní 33,000 lóṣù, bílíọ̀nù 3.3 náírà ni aláwíì wọn lóṣù kan, bílíọ̀nù 39.6 lọ́dún. Ní 77,000, ó di bílíọ̀nù 7.7 lóṣù àti bílíọ̀nù 92.4 lọ́dún. Àlékún bílíọ̀nù 52.8 nìyẹn, kí wọ́n tó ra kaki kan tàbí se ìkòkò ẹ̀wà kan. Iye àgùnbánirọ̀ tòótọ́ sì ju ìlọ́po méjì èyí lọ.

Òfin dúró, owó kò dúró

Òfin ológun nọ́ńbà 51 ti ọdún 1993 ló rọ́pò ti 1973. Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní 1999, wọ́n fi òfin àgùnbánirọ̀ sábẹ́ ààbò abala 315(5) nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè, níbi tí òfin ìlò ilẹ̀ náà wà. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá fẹ́ yí i padà kò lè fi ìbò ọjọ́ kan ṣe é: ó gbọ́dọ̀ rí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ilé méjèèjì l'Ábújá, kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 sì tún gbà á wọlé. Òfin díẹ̀ ló ní irú odi bẹ́ẹ̀.

Kí ni odi náà ń dáàbò bò? Ó ń dáàbò bo ojúṣe ọ̀dọ́. Ẹni tó bá kọ̀ láti sìn, òfin ní kó san ìtanràn 2,000 náírà tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù 12, tàbí méjèèjì. Ṣùgbọ́n iye tí ìjọba yóò san fún un kò sí lábẹ́ ààbò kankan. Inú ìṣúná ọdọọdún ló wà, ó sì ń bá owó epo ròkè, ó ń bá a sọ̀kalẹ̀. Wọ́n de ọ̀dọ́ mọ́lẹ̀, ìjọba ń rìn fàlàlà. Bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí aláwíì fi lè wà lójú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún láàárín 2011 sí 2020, nígbà tí ọjà ń gbówó lérí, ibí yìí ni ká wò.

Ètò tí kò ní odi rárá tún léwu jù. Ní ọdún 2016 ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari dá N-Power sílẹ̀: àwọn ọ̀dọ́ tó gboyè lọ ń kọ́ni ní ilé ìwé, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àti oko, 30,000 náírà lóṣù. Kò ní òfin tirẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, gbèsè owó oṣù bẹ̀rẹ̀ sí í gorí ara wọn, ìjọba tuntun sì dá a dúró ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023.

Ọ̀nà mìíràn: Amẹ́ríkà

Ìbàdàn ló yẹ ká gbà dé Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1961, Ààrẹ John F. Kennedy dá Peace Corps sílẹ̀, ètò tó ń rán ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà lọ ṣiṣẹ́ ní òkè òkun. Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí wọ́n dé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, nígbà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ń lọ lọ́wọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, káàdì tí ọ̀kan lára wọn kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé bọ́ sílẹ̀. Ohun tó kọ nípa ìgbé ayé àwọn ará ìlú kò dùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí i, wọ́n ṣe àdàkọ rẹ̀, wọ́n sì fẹ̀hónú hàn pé kí gbogbo wọn máa lọ. Ìbínú náà kọjá káàdì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń béèrè ohun tó mú ìjọba àjèjì náwó lórí wa. Ọ̀dọ́ tó wá fẹ́ láti ṣe oore. Owó tó gbé e wá ní ìlànà òṣèlú tirẹ̀.

Nínú ilé, Amẹ́ríkà ti ní VISTA láti 1965, èyí tó ń bá òṣì jà. Ní 1993 Ààrẹ Bill Clinton fọwọ́ sí òfin tó dá AmeriCorps sílẹ̀, àwọn àkọ́kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1994. Ẹni tó bá wù ló ń wọ̀ ọ́. Kò sí ẹ̀wọ̀n fún ẹni tó kọ̀. Ìyàtọ̀ tó ju ìyẹn lọ wà nínú owó. Ìjọba àpapọ̀ wọn kì í sábà san gbogbo rẹ̀. Púpọ̀ nínú owó náà ń gba ọwọ́ ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn àjọ tó ń lo àwọn ọ̀dọ́ náà, àjọ kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ mú tirẹ̀ kún un: ìlànà gbogbogbòò bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 24 nínú 100, ó sì ń gòkè títí yóò fi di ìdá 50 ní ọdún kẹwàá. Olóko ń gúnyán lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá fi wákàtí 1,700 sìn tún ń rí owó ẹ̀kọ́ gbà lẹ́yìn aláwíì, owó tí wọ́n so mọ́ ìrànwọ́ Pell tí ìjọba ń fún akẹ́kọ̀ọ́ aláìní. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2023 sí 2024, 7,395 dọ́là ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìrànwọ́ náà.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ni ọ̀run rere. Láàárín 2002 sí 2003, àjọ náà gba ènìyàn ju iye tí owó ẹ̀kọ́ tó wà nílẹ̀ lè gbé, wọ́n ní láti dín iye àwọn tí wọ́n ń gbà kù, Kọ́ńgírésì sì ṣe òfin tuntun lórí bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ìjọba Ààrẹ Donald Trump fagi lé ìrànwọ́ tó tó bíi 400 mílíọ̀nù dọ́là lẹ́ẹ̀kan náà, nínú ìṣúná tó lé díẹ̀ ní bílíọ̀nù kan. Àwọn tó ń kọ́ ọmọdé ní ìwé kíkà àti àwọn tó ń tún ilé kọ́ lẹ́yìn ìjì gba ìwé pé kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró. Ìpínlẹ̀ tó lé ní 20 gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́, nígbà tó sì di oṣù Kẹfà, adájọ́ ní kí wọ́n dá owó àwọn ìpínlẹ̀ tó pẹjọ́ padà. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni ẹni tó jà. Àwọn gómìnà àti àwọn àjọ ìlú ti fi owó tiwọn sínú ètò náà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pa á, ó ní ẹni tó kà á sí ohun ìní rẹ̀.

Àpò àkànṣe ńkọ́?

Àwọn aṣòfin Nàìjíríà ti jíròrò àbá kan tí yóò dá àpò àkànṣe sílẹ̀ fún NYSC, níbi tí díẹ̀ nínú èrè àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni yóò máa bọ́ sí, kí káǹpù àti ìkọ́ṣẹ́ ọwọ́ má baà máa dúró de ìṣúná nìkan. Àwọn olówò ní owó orí tí àwọn ń san ti pọ̀ jù. Àtakò wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí irú àpò bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ ní Nàìjíríà, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ará ìlú mọ ibi tí owó inú wọn ń wọlẹ̀ sí.

Ní tèmi, ọ̀nà tó kúrú ju àpò tuntun lọ wà: kí ibi iṣẹ́ aládàáni tó bá ń gba àgùnbánirọ̀ máa san ìdá kan pàtó nínú aláwíì rẹ̀, kó sì san án fún àjọ náà, kì í ṣe fún ọmọ náà ní ìkọ̀kọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní abúlé kò ní san kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ń sanwó yóò ronú dáadáa kó tó béèrè fún àgùnbánirọ̀ márùn-ún, abúlé tí kò ní olùkọ́ ìṣirò yóò sì rí wọn gbà. Ewu kan wà níbẹ̀: ilé iṣẹ́ ńlá ní Èkó lè fi owó ra gbogbo àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà. Nítorí náà pípín wọn gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ àjọ náà.

Ìbéèrè àti iṣẹ́ ṣíṣe

1. Kọ ohun mẹ́jọ tí àgùnbánirọ̀ ń lò ní káǹpù àti ní ibi iṣẹ́ rẹ̀. Kọ orúkọ ẹni tó ń sanwó ọ̀kọ̀ọ̀kan sí iwájú rẹ̀.

2. Bí owó oṣù tó kéré jù bá di 100,000 náírà lọ́la, kí ni aláwíì yóò jẹ́ bí ìjọba bá tẹ̀ lé ọwọ́ tó ti ń lò láti 2011? Eélòó ni àgùnbánirọ̀ 250,000 yóò gbà lọ́dún kan?

3. Wá ẹni méjì ní àdúgbò rẹ tó ti sìn, ọ̀kan ṣáájú ọdún 2011, èkejì lẹ́yìn 2020. Béèrè ohun tí aláwíì oṣù kan lè rà nígbà tiwọn: mélòó ni kóńgò ìrẹsì, mélòó ni owó ọkọ̀ lọ sílé?

4. Ìjiyàn fún kíláàsì: ẹgbẹ́ kìíní ní kí wọ́n yọ òfin àgùnbánirọ̀ kúrò lábẹ́ abala 315(5), ẹgbẹ́ kejì ní kí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi aláwíì náà síbẹ̀ pẹ̀lú. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ ibi tí owó yóò ti wá.